Òjé nínú ẹ̀jẹ̀, ìgbàgbé lọ́pọlọ: oògùn wo la ó rà, èwo la ó fi sílẹ̀?

Bébà kékeré kan ni àbúrò mi fà yọ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́jà Wàndó, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà mi. Orúkọ oògùn mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì kọ wọ́n. Ará ilé kan kọ Nootropyl. Nọ́ọ̀sì kan kọ donepezil. Ilé ìtọ́jú aládàáni kan kọ "omi EDTA, ìgbà 10", wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ DMSA sí ìsàlẹ̀, ó rí i lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, owó ọwọ́ mi ò lè ra ju ọ̀kan lọ. Èwo ni kí n mú?"

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, ni a mọ̀ sí Bàbá Bátìrì ní Kétu. Ó ti lé ní 20 ọdún tó ti ń tú bátìrì mọ́tò ògbólógbòó lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀, tó ń yọ́ òjé inú wọn nínú ìkòkò irin, tó ń fi òjé náà tún bátìrì míì ṣe, tó sì ń ta èyí tó bá ṣẹ́kù fún àwọn ọdẹ àti apẹja. Láti ọdún tó kọjá ni iyè rẹ̀ ti ń ra. Á gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láàárọ̀, á tún lọ sin ín ní gbèsè yẹn lálẹ́. Inú ń run ún, kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa, ìbínú rẹ̀ sì ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé ní ogbó ni. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó rí i ní Kétu ló kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó fi pátákó pẹlẹbẹ fa ètè rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì nàka sí ìdí eyín rẹ̀ fún àbúrò mi: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí èrìgì níbẹ̀, ó dúdú bí aró. "Iṣẹ́ òjé nìyẹn," ló wí.

Mo ń bá wọn ta oògùn ní fámásì ni, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èyí tí mo kà kún un lẹ́yìn ìgbà náà, ni mo kọ síbí. Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn: nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kò sí èyí tó yẹ kó rà lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí owó náà kọ́kọ́ bá lọ.

Ìdílé méjì ni wọ́n

Ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìdílé kìíní ni DMSA, EDTA, àti àwọn ìbátan wọn BAL àti penicillamine. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dì mọ́ òjé tàbí irin olóró míì nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì bá ìtọ̀ gbé e jáde. Ìdílé kejì ni donepezil, memantine, Nootropyl àti ginkgo. Àwọn yẹn kì í fọwọ́ kan òjé rárá, ọpọlọ ni wọ́n kọjú sí. Bí ọkọ̀ bá ń jò lórí ọ̀sà wa yìí, ìdílé kìíní ni igbá tí a fi ń gbọ́n omi, ìdílé kejì ni àtùpà tí a tàn sínú ọkọ̀ kí a lè rí ọ̀nà. Kò sí èyí tó ń dí ihò nínú wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gbígbọ́n omi náà kì í dá iyè padà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọmọdé 780 jọ, láti ọmọ oṣù 12 sí oṣù 33, tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 20 sí 44 µg/dL (máíkírógíráàmù òjé nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀). Wọ́n fún apá kan ní DMSA, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró òfìfo tó jọ ọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Òjé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo oògùn tètè lọ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán làákàyè àwọn ọmọ náà wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Wọ́n dúró títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún 7, wọ́n tún dán wọn wò. Bákan náà ló rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yẹn kí n tó gbà á gbọ́.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé kí a tó gbé oògùn dé, òjé ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe nínú ọpọlọ. Ìkejì, inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni òjé fi ṣe ilé. Ó jọ kálísíọ̀mù lójú ara, nítorí náà inú egungun ni ara ń kó o pamọ́ sí. Nínú ẹ̀jẹ̀, bí oṣù kan ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ; nínú egungun, ó lè lò ju ọdún 10 lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ fi ń wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń lo oògùn, tó sì tún ń gòkè lẹ́yìn tó bá parí rẹ̀: egungun ló ń tú ẹrù sílẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí kò ní òjé lára tó ń mu oògùn tó ń fa òjé. Àwọn olùwádìí ní Cornell ní Amẹ́ríkà dán an wò lára eku ní 2007. Àwọn eku tí wọ́n ti fún ní òjé tẹ́lẹ̀, DMSA ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ nínú kíkọ́ nǹkan. Àwọn tí kò ní òjé lára rárá, oògùn kan náà ba orí wọn jẹ́, kò sì tètè lọ. Eku kì í ṣe ènìyàn, mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí bí oníbàárà bá ní kí n bá òun wá nǹkan tí òun ó fi "fọ inú" láìṣe àyẹ̀wò kankan.

Kí wá ni ìwúlò ìdílé kìíní? Ẹ̀mí ni. Bí òjé bá pọ̀ gan-an, ọpọlọ á wú, gìrì á mú ọmọ, á sì dákú. Ní Zamfara ní Nàìjíríà ní 2010, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú, ọmọdé tó ju 400 lọ ló kú. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières fún àwọn tó kù ní DMSA, ó sì gba ọ̀pọ̀ wọn là. Ṣùgbọ́n abúlé tí wọ́n bá ti kó erùpẹ̀ olóró rẹ̀ dànù nìkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ọmọ tó mu oògùn tán tó tún padà sórí erùpẹ̀ yẹn, agbọ̀n ni wọ́n fi ń pọnmi.

DMSA lẹ́gbẹ̀ẹ́ EDTA

DMSA (orúkọ rẹ̀ míì ni succimer) jẹ́ hóró tí a ń gbé mì. Láti 1991 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọdé tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn ju 45 µg/dL lọ. Ọjọ́ 19 ni ìpele kan rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 14, ìwọ̀n ara aláìsàn ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀, mílígíráàmù 10 fún kílò kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Kí ẹni tó bá ṣí i má rò pé oògùn náà ti díbàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rùn. Fún ọmọ tí kò lè gbé hóró mì, wọ́n lè ṣí i kí wọ́n da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí oúnjẹ rírọ̀. Ó lè rin ènìyàn lọ́kàn, ó lè mú kí ara yún. Ó lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù, ó sì lè da ẹ̀dọ̀ láàmú, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a rìn.

EDTA ní tirẹ̀, inú iṣan tàbí inú ẹran ara ló ń gbà wọlé, ilé ìwòsàn sì ni àyè rẹ̀. Kíndìnrín ló ń yọ lẹ́nu jù. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti le: òjé fúnra rẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́, nítorí náà ẹni tó nílò EDTA jù lè jẹ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè gbà á. Bí wọ́n kò bá tíì yẹ kíndìnrín wò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé omi kọ́.

Ewu kejì wà lára páálí. EDTA méjì ló wà, orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó ní kálísíọ̀mù nínú ni oògùn òjé. Èyí tí kò ní in máa ń fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jáde títí ọkàn á fi dúró. Láàárín 2003 sí 2005, ènìyàn mẹ́ta kú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, méjì nínú wọn ọmọdé. Nígbà tí àbúrò mi padà lọ béèrè lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú aládàáni yẹn pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fẹ́ fà sí bàbá òun lára, wọ́n ní EDTA ni EDTA. Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà débẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, bí ìwọ̀n òjé bá pọ̀ tó láti lo oògùn, tí aláìsàn sì ń jẹun tó ń sọ̀rọ̀, DMSA ni mo fi síwájú. Bí gìrì bá ti ń mú un, tàbí tó ti ń sùn tí kò jí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti hóró. Níbẹ̀ ni BAL ti ń wọlé, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú ẹran ara jìnnà, tó ń dunni wọra. Òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún, kí EDTA tó tẹ̀lé e lẹ́yìn bí wákàtí 4, nítorí EDTA nìkan lè ti òjé sínú ọpọlọ. Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ṣe BAL ní Oxford, láti fi kojú afẹ́fẹ́ olóró tó ní ásẹ́níìkì nínú. Inú òróró ẹ̀pà ni wọ́n pò ó sí: ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà kò gbọ́dọ̀ gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, nítorí ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Penicillamine? Àtijọ́ ni. Ó ń fa òjé díẹ̀, ó sì ń kó wàhálà tó pọ̀ wá fún kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ penisílíìnì. Bí DMSA bá wà, mi ò rí ìdí tí a ó fi mú un.

Bó bá jẹ́ mẹ́kúrì

Ẹni tí kò fọwọ́ kan bátìrì rí, tó jẹ́ pé ìpara tó ń bóra ló ń lò, mẹ́kúrì ni kí ó kọ́kọ́ fura sí. Kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa tì í láìnídìí, á sì máa gbàgbé nǹkan. Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ irú èyí wò. Bí orúkọ mercure, mercury tàbí calomel bá wà lára ike ìpara, ẹ gbé e sọ́tọ̀ kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn tí wọ́n lè lò fún un ni DMSA tàbí ìbátan rẹ̀ DMPS, tí wọ́n ń lò ní Jámánì àti Rọ́ṣíà.

Mẹ́kúrì tó ń bá inú ẹja wọlé yàtọ̀ sí ti ìpara. Fún ti ẹja, BAL jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, nítorí á máa kó o lọ sínú ọpọlọ. Àwọn oògùn yòókù lè fà á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ kì í tún ara rẹ̀ ṣe nítorí wọn. Karen Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa kẹ́mísírì ní Dartmouth, Amẹ́ríkà, ta ẹ̀kán mẹ́kúrì díẹ̀ sórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1996. Irú kan tó tún burú ju ti inú ẹja lọ ni. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó mọ̀ pé ara òun ò dá. Wọ́n fún un ní DMSA, mẹ́kúrì sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ó kú ní oṣù kẹfà 1997.

Ti ásẹ́níìkì, DMSA tàbí BAL ni, ìtọ̀ ni àyẹ̀wò rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é má sì jẹ ẹja tàbí edé fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ti mángáníìsì, tó ń bá àwọn tó ń jó irin jà, jọ àrùn Parkinson (èyí tó ń mú ara gbọ̀n) ju ìgbàgbé lọ. Oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Kí ẹni náà kúrò nídìí èéfín.

Donepezil, memantine, Nootropyl: oògùn ìrántí

Àwọn ni mo ń tà jù, àwọn náà ló sì ń mú kí n dákẹ́ díẹ̀ kí n tó na ọwọ́ sí pẹpẹ.

Donepezil ló ní ẹ̀rí jù nínú wọn, láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ àrùn Alzheimer ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Nínú àrùn yẹn, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan máa ń dín kù. Donepezil kì í jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù tètè tán. Òjé kò gba ọ̀nà yẹn nìkan bá ọpọlọ jà, kò sì sí ìwé tó fọwọ́ sí donepezil fún ìgbàgbé tí òjé fà. Ó lè mú kí ọkàn máa lù jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ènìyàn ṣubú lulẹ̀. Ó ń rin ni lọ́kàn, ó ń ṣí ni nínú, ó sì ń gbé àlá burúkú wá. Memantine náà, ti Alzheimer ni, òòyì ló máa ń mú wá jù, kíndìnrín ló sì ń gbà jáde.

Nootropyl, tí orúkọ inú rẹ̀ ń jẹ́ piracetam, ni àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ń rà á, ìyá tó ní ọmọ òun ò mọ̀wé ń rà á. Ilé iṣẹ́ UCB ti Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é. Ó wà ní fámásì àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di òní gẹ́gẹ́ bí oògùn. Kò fa òjé, kò sì sí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń dá ìrántí ẹni tí òjé bá jà padà. Kíndìnrín náà ló ń gbà jáde, ìyẹn kíndìnrín tí mo sọ pé òjé ti ń jẹ. Ginkgo kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa ní kí a ṣe ìṣòyè fún Bàbá. Mi ò bú ìṣòyè, wọ́n ṣe é fún èmi náà kí n tó wọ ilé ìwé, orí mi sì pé tó báyìí (ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi). Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ẹ̀tù dúdú tó wà nínú rẹ̀, kí ni? Bó bá jẹ́ pé òkúta tìróò ni wọ́n lọ̀ sí i, òjé ni a tún ń fún ẹni tí òjé ń pa. Òkúta tìróò tòótọ́, òjé àti ìmí-ọjọ́ ló pa pọ̀ di òkúta. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn ìyá nínú, pàápàá ìyá ìkókó tó ń lé tìróò fún ọmọ tó ń fi ọwọ́ nu ojú tó tún ń fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu.

Kí a tó fi donepezil tàbí ohunkóhun bẹ́ẹ̀ kan ẹnu, ó yẹ kí dókítà ti wo àwọn ohun míì tó ń sọ àgbà di onígbàgbé tó sì ní oògùn: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìtó fítámì B12, oògùn oorun bíi Valium tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́wàá, sódàbì (ọtí líle ìbílẹ̀), àti ìbànújẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè nípa rẹ̀.

Nọ́ńbà ló ń yan oògùn

Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n òjé, kì í ṣe irun, kì í ṣe èékánná. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn ní oògùn tó ń fa òjé, tí wọ́n á wá gba ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n á ní ẹ wò ó, òjé kún inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mu oògùn yẹn ni òjé á bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímájèlé ní Amẹ́ríkà ti sọ pé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀.

Bébà láàbù lè da orí rú. Nọ́ńbà tí mo ń kọ síbí, µg/dL ni. Láàbù tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Faransé máa ń kọ plombémie (ìwọ̀n òjé ẹ̀jẹ̀) ní µg/L, tí 450 ti wọn jẹ́ 45 tèmi. Ẹ pín in sí 10. Bó bá jẹ́ µmol/L, ẹ fi bí 20.7 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ti rí ìyá kan tó sunkún dé káńtà wa lórí 120, tó jẹ́ 12 péré.

Kò sí ìwọ̀n òjé tó dára lára, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n ló ń pe oògùn. Ọmọdé tó bá ti ní 45 sókè, wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń fà á jáde. Láti 5 sókè, bí oúnjẹ ọmọ náà kò bá ní áyọ́ọ̀nù (èròjà irin tí ẹ̀jẹ̀ nílò) tàbí kálísíọ̀mù tó, ìwé ìlànà WHO ti 2021 ní kí wọ́n fi kún un fún un, nítorí inú tí kò ní áyọ́ọ̀nù máa ń gba òjé wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Fún àgbàlagbà, ó le kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lábẹ́ 50. Láàárín 50 sí 70, àmì ara ni dókítà ń wò. Bó bá ju 100 lọ, kí a má sùn ilé. Aláboyún ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀, òjé egungun rẹ̀ máa ń tú jáde bá ọmọ inú, nítorí náà kí ó sọ fún dókítà pé inú òjé ni òun tàbí ọkọ òun ń ṣiṣẹ́, kódà bí ara rẹ̀ bá le.

Ihò ọkọ̀

Àbúrò mi ò fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nígbà tí mo débí. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yẹn ló rán wa nílé ìwé."

Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá ní Kétu, ẹ̀yìnkùlé yẹn ló sì ti ń ṣeré. Mo sọ ti Thiaroye-sur-Mer fún un, lẹ́bàá Dakar, níbi tí iṣẹ́ bátìrì bíi ti Bàbá ti pa ọmọdé 18 láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi san owó ẹ̀wà.

Bátìrì nìkan kọ́. Ọdẹ tó ń yọ́ òjé láti fi ṣe ọta ìbọn ṣakabùlà ní Ṣábẹ̀ẹ́, èéfín rẹ̀ ló ń fà. Ọdẹ tí ọta ti wọ̀ lára rí, tó wà nínú oríkèé, omi oríkèé lè máa yọ́ ọ jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apẹja tó ń fi eyín tẹ òjé mọ́ etí àwọ̀n. Ìkòkò tí wọ́n fi àlókù irin yọ́ ṣe. Àwọn kan á ní bẹntiróò kpayo, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì, ńkọ́? Ó burú lọ́nà tirẹ̀, àmọ́ láti 2006 ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ti yọ òjé kúrò nínú bẹntiróò, ẹ má jẹ́ kí kpayo gba ẹ̀bi bátìrì.

Ohun tó ń dí ihò náà kò sí ní fámásì. Ẹ gbé ìkòkò òjé kúrò ní ilé. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ ọmọ pàdé nínú agbada kan. Ẹ má gbá ẹ̀yìnkùlé ní gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i kí eruku má gbéra. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Wàgàṣì (wàrà Fúlàní), ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun: kálísíọ̀mù àti áyọ́ọ̀nù inú wọn ń bá òjé jìjàdù ọ̀nà inú.

Bó ṣe rí fún wọn

Bébà Bàbá ka 620 µg/L, ìyẹn 62. Ti ọmọ jẹ́ 21. Ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Kútọnu ni wọ́n gbé wọn lọ. Kò kọ donepezil, kò kọ Nootropyl, kò gbé omi kankan kọ́. Ó yẹ kíndìnrín Bàbá wò, ó ní kí ó fi iṣẹ́ òjé sílẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí nọ́ńbà náà kò bá sọ̀kalẹ̀, DMSA ni yóò kàn. Ọmọ gba áyọ́ọ̀nù, wọ́n sì kó o wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Nọ́ńbà Bàbá di 51 lóṣù kan, ó di 38 lóṣù kẹrin. Inú rírun ti lọ. Ó ń ta bátìrì tuntun báyìí létí títì, kò tú ọ̀kan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo gba Pọ́bẹ̀ kọjá lọ kí i, ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ ní orúkọ níkọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́jú sí mi bí ẹni pé kí n wò ó. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ìgbà wo ni mo dé. Mo sọ fún un. A jẹun, a mumi, ó tún bi mí.